Ẹ Kú Ìbínú

"Ẹ fẹ̀yìn ti àga, Mọ́mì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má gbé e léra. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má tẹ fóònù."

Nọ́ọ̀sì tó ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí, mo lè bí i lọ́mọ. Ó ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ sì ti gbé 168 lórí 104 jáde. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá láti Bódìjà, oòrùn ló pa mí, ọlọ́kadà kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lójú ọ̀nà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò bá mi jiyàn, ó kàn ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, òun á tún un wọ̀n.

Ọmọ ọdún 46 ni mí lọ́jọ́ náà. Mo ronú ẹ̀yìn wò, mi ò rántí ìgbà tí mo jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún rí láìní nǹkan kan lọ́wọ́. Kò sí àdúrà, kò sí oúnjẹ, kò sí ìwé, kò sí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Kódà bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ètò wà lọ́wọ́ mi, mo mọ ohun tó kàn. Lórí àga yìí, kò sí ohun tó kàn.

Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, mo ti dé ọ́fíìsì, mo ti bá ọ̀gá mi fa ọ̀rọ̀, mo ti padà. Mo rí i pé bàtà nọ́ọ̀sì náà dọ̀tí, mo sì ti pè é ní ọ̀bùn nínú ọkàn mi. Mo wá bú ara mi pé àgbàlagbà bíi tèmi ń wo bàtà ọmọ ọlọ́mọ. Lẹ́yìn ìyẹn mo tún bú ara mi pé mò ń bú ara mi nígbà tí wọ́n ní kí n fara balẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé agídí ni mo fi ń fara balẹ̀, torí mo fẹ́ kí nọ́ńbà yẹn wálẹ̀. Mò ń wọ́ ara mi lọ sínú ìbàlẹ̀ ọkàn bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ kọjá nínú òjò.

Ẹ̀rọ tún ka 162 lórí 100. Nọ́ọ̀sì kọ méjèèjì sínú káàdì mi. Kò bú mi, kò sì kí mi kú iṣẹ́ nítorí èyí tó fi díẹ̀ wálẹ̀. Ó kọ ọ́ bí tíṣà ṣe ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé kíláàsì. Oògùn tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń lò ó di òní, ẹnikẹ́ni kó má sì tìtorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí pa tirẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin yẹn ṣe kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀ láìyí ojú padà, òun ló bá mi délé.

Iṣẹ́ akọ̀ǹtáǹtì ni mò ń ṣe, ìwé ìṣirò kò sì jẹ́ tuntun nínú ilé wa. Nígbà tí a wà ní kékeré, lálẹ́, lẹ́yìn àdúrà, bàbá mi á tò wá sí pálọ̀, á bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan: "Kí lo ṣe lónìí tí kò dáa?" Ẹni tó bá ní òun ò ṣe nǹkan kan, òpùrọ́ ni, irọ́ yẹn fúnra rẹ̀ á sì di ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ náà. Bí a ṣe kọ́ láti máa tọ́jú ẹ̀ṣẹ̀ kan sápò de alẹ́ nìyẹn. Àbúrò mi ọkùnrin máa ń jẹ́wọ́ pé òun jí ẹran nínú ìkòkò, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹran kò tilẹ̀ wọ inú ìkòkò wa.

Mi ò bá bàbá mi wí. Ó fẹ́ ká di ọmọlúàbí, ohun tí wọ́n sì fi tọ́ òun náà ló lò. Àmọ́ mo dàgbà tán, mo kúrò nílé, ìbéèrè yẹn sì bá mi kúrò níbẹ̀. Láti ọdún tí mo ti jẹ́ àgùnbánirọ̀ ni mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan lálaalẹ́. Mo jágbe mọ́ ọmọ. Mo jowú. Mo sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn. Bí ìwé kan bá kún, mo ra òmíràn.

Lẹ́yìn ọjọ́ ilé ìwòsàn yẹn, mo kó wọn jáde lábẹ́ ibùsùn, mo yẹ̀ wọ́n wò bí mo ṣe máa yẹ ìwé oníbàárà wò. Ti 2004 àti ti 2019 jọra bí ìbejì. Igbe kan náà, owú kan náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kan náà, ọ̀rẹ́ tí mò ń sọ lẹ́yìn nìkan ló yí padà. Bí oníṣòwò kan bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá fún mi, tí gbèsè kan ṣoṣo ń padà wá fún ọdún 15, ẹni tó ń kọ ìwé náà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Ohun tó wá là mí lójú ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Nínú gbogbo ìwé yẹn, mi ò rí ibì kan ṣoṣo tí mo ti kọ bí nǹkan ṣe rí. Mo jágbe mọ́ ọmọ: aago mélòó ni? Ṣé mo ti jẹun? Kí ló wà nínú àyà mi kí igbe náà tó jáde? Ta ló ti kọ́kọ́ jágbe mọ́ èmi náà lọ́jọ́ yẹn? Kò sí. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan. Ogún ọdún ó lé ni mo fi ń dá ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rò fún mi rí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, torí èmi náà ti sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Wọ́n á ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Òótọ́ ni. Lára ògiri ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà. Mo kà á lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́fà. Ohun tó kọ́ mi ni pé bí inú bá ń bí mi, kí n má jẹ̀ẹ́ kó hàn. Ìbínú mi kò dínkù nítorí ọ̀dà búlúù yẹn, ó kàn lọ ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń dàgbà níbẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ wa. Mo rò pé ibẹ̀ ni 168 ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà á ní iyọ̀ ni àti ìdílé.

Ìyá tó bí màmá mi, Ìkirè ló gbé. Ibẹ̀ la ti máa ń lo ọlidé, ní àwọn ọdún 1980 sí 1988, nínú ilé kan tó kọjú sí ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá láyé ìgbà yẹn á rántí dòdò Ìkirè, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà dín nínú epo pupa pẹ̀lú ata, tó máa ń dúdú, tí wọ́n ń di sínú ewé. Ìyá Àgbà ń dín in tà. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, tó ti kó agbada kúrò lórí iná, á gbé àpótí rẹ̀ síta, á jókòó sí ojúde, á máa wo ọ̀nà.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ ni kíkí. Ẹni tó ń tọ́jà bọ̀, "Ẹ kú ọjà o." Ẹni tó ń ti oko dé, "Ẹ kú oko." Àwọn tó dúró ti mọ́tò tó bàjẹ́, "Ẹ kú ìdúró." Òjò bá dé, ó kí àwọn tí òjò ń pa kú òjò. Ìyàwó kékeré kan wà ní òdìkejì ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Èkó tí kò tíì dé, ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni Ìyá Àgbà ń kí i pé, "Ẹ kú ojú lọ́nà." Kò fi kún un pé á dé lọ́la, kò sì ní kó lọ gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lọ́nà, ó sì kí i fún un.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n lé obìnrin kan jáde nílé ọkọ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ẹ̀kọ. Ìrọ̀lẹ́ ló ń kọjá lọ pẹ̀lú àpótí onípáànù lórí, ọmọ kan lẹ́yìn, òmíràn lọ́wọ́. Àwa ọmọ ti sún mọ́ ojúde pẹ́kípẹ́kí ká lè gbọ́ ohun tí Ìyá Àgbà máa bi í. Ó wò ó. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ìrọ́jú." Obìnrin yẹn dúró. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó ti Ìyá Àgbà, ó sunkún, mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ìyá Àgbà bu omi àmù fún un. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú rẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ara mi kò gbà á. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ò tiẹ̀ bi í pé kí ló ṣe."

Ó ní, "Ṣé èmi ni mo rán an níṣẹ́ ni?"

Ó tó ọgbọ̀n ọdún ó lé kí n tó gbọ́ ohun tó wí. Ẹ bá mi wò ó. A ní ìkíni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí gbogbo ipò tí ènìyàn lè wà. Ẹni tó jókòó, à ń kí i kú ìjókòó, a ò bi í pé kí ló dé tí kò dìde. Ẹni tí kò sùn, ẹ kú àìsùn. Ẹni tó náwó, ì báà jẹ́ gbèsè ló jẹ ná an, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, a ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ìkíni iṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Bí a bá ní "Àrẹ̀dú o" fún aláró, tàbí "Àrínpa o" fún ọdẹ, àdúrà ló wà níbẹ̀, à ń fẹ́ kí aró dú, kí ọdẹ pa ẹran. "Ẹ kú" ní tirẹ̀ kò fa ẹnikẹ́ni síbì kan. Ó rí ọ níbi tí o wà, ó sọ ibẹ̀, ó parí. Pẹ̀lẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọsẹ̀ níwájú wa, pẹ̀lẹ́ la máa kọ́kọ́ sọ, kí a tó mọ̀ bóyá fóònù ló ń tẹ̀ tí kò fi rí òkúta.

Gbogbo ayé la mọ bí a ṣe ń ṣe èyí fún. Àjèjì, ẹni tó jẹ wá lówó, ìyàwó tí wọ́n lé. Èmi nìkan ni mi ò kí rí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ní fàráńdà láàárọ̀, ní aago márùn-ún, kí ilé tó jí. Ìṣẹ́jú márùn-ún bíi ti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn lára àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Mo ti gbọ́ pé ènìyàn lè máa ka èémí, nítorí náà mo kà á. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí akọ̀ǹtáǹtì máa fi èémí ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan mo ti mọ iye ìgbà tí ọkàn mi sá lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè àti iye ìgbà tó sá lọ ní ọjọ́ Túsìdeè, mo sì ti ń bínú sí Túsìdeè. Ìwé abẹ́ ibùsùn ti gba ibòmíì wọlé.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi, ẹni tó máa ń jẹ́wọ́ ẹran àfinúrò yẹn, ló gbà mí lọ́kàn. Ó ti yá 400,000 náírà lọ́wọ́ mi láti fi san owó ṣọ́ọ̀bù, ó ní oṣù mẹ́ta, ọdún kan ti kọjá. Ní alẹ́ tó ṣáájú, mo rí i lórí státọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀, òun àtìyàwó rẹ̀ nínú léèsì aṣọ ẹbí, wọ́n ń ná owó fún onílù. Mi ò sùn dáadáa. Bí mo ṣe jókòó báyìí ni ooru kan gbéra láti ẹ̀yìn ọrùn mi, ó gba etí kọjá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi le. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù tí mo máa ń ṣe fún ara mi pé owó kì í ṣe nǹkan, ọmọ ìyá ẹni ni. Àfi bí ẹnu mi ṣe là tó ní, "Ẹ kú ìbínú o."

Ẹ̀rín pa mí. Èmi nìkan ní fàráńdà, ní òkùnkùn, mò ń kí ìbínú bí ẹni kí àlejò. Mo sì ṣàkíyèsí pé "ẹ" ni mo lò, mi ò ní "o kú." Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìbínú yẹn jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo mọ̀ ọ́n lójú bàbá mi, wọ́n sì ní bàbá tirẹ̀ náà ní in, ẹni tó fi ìbínú ta ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ di òní. Àgbà ni.

Mo wá ń wò ó bí Ìyá Àgbà ṣe ń wo ọ̀nà. Ooru náà kò dúró sójú kan. Ó dé etí, ó rọ̀ díẹ̀, ó tún padà nígbà tí mo rántí léèsì yẹn, ó tún rọ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń rọ̀. Mo rò pé bí ó bá ti dé, ó dé nìyẹn, títí n ó fi jágbe tàbí tí n ó fi gbé e mì. Nígbà tó rọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i pé nǹkan kan ń tẹ̀lé e bọ̀ lẹ́yìn, ó rọra ń bọ̀, ó gbé ẹrù, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìtìjú ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó dá a mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo fún àbúrò mi lówó yẹn, mo ti sọ fún èèyàn mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo fẹ́ kí wọ́n máa wí pé ẹ̀gbọ́n rere ni mí. Mo ti gba èrè owó yẹn lọ́jọ́ tí mo yá a, ní ẹnu àwọn èèyàn, ohun tó sì ń dùn mí nísinsìnyí ni pé àwọn èèyàn yẹn kan náà ti rí léèsì náà lórí fóònù wọn.

Tó bá jẹ́ ìwé ìbáwí mi ni, ohun tí mo máa kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni: Mo bínú sí àbúrò mi nítorí owó. N bá sì tọrọ ìdáríjì fún ohun tí kì í tiẹ̀ ṣe òun gan-an ló ń ṣe mí.

"Ẹ kú ìtìjú," mo wí fún èkejì. Ìyẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ́tí sí bí èdè wa ṣe ń sọ ohun tó ń ṣe ènìyàn. A kì í jẹ́ ẹ̀rù, ẹ̀rù ló ń bà wá, bí ẹyẹ ṣe ń bà lórí igi. Àárẹ̀ mú mi. Ojú tì mí. Oorun ń kùn mí. Ebi ń pa mí. Inú bí mi, inú mi sì dùn. Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, èmi ni mo jókòó, nǹkan ló dé bá mi. Àwọn tó ṣe èdè yìí sílẹ̀ ti fi àyè díẹ̀ sí àárín ènìyàn àti ohun tó ń ṣe é, a kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láìwo ẹsẹ̀ ni. Ó dá mi lójú pé mi ò ní rí i ká ní ẹ̀jẹ̀ mi kò ru.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sọ èyí fún, fà sẹ́yìn. Ó ní ṣé kì í ṣe nǹkan àwọn ará Íńdíà ni mo ti bọ́ sí báyìí. Mo ní Ìkirè ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ mú kí n lọ kàwé, mo sì rí i pé àwọn mìíràn ti gba ojúde tiwọn débẹ̀. Ní ilẹ̀ Bọ́mà, níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ jagun ní 1944 àti 1945, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà kan wà tó ń jẹ́ Mahasi Sayadaw, wọ́n bí i ní 1904, ó kú ní 1982. Ohun tó ń kọ́ àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n máa wo bí ikùn ṣe ń wú tó sì ń rọlẹ̀, bí ohunkóhun bá sì yọjú, kí wọ́n pè é lórúkọ jẹ́ẹ́ nínú ọkàn: gbígbọ́, gbígbọ́, ríronú, ríronú, kí wọ́n sì padà sídìí ikùn. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo ní Bàbá yìí ń kí i ni, wọn ò kàn ní "ẹ kú" lédè wọn ni. (Àwọn tó gbọ́ èdè Bọ́mà kí wọ́n dárí jì mí.) Àwọn bàbá wa tó ti Bọ́mà dé sọ ìtàn ìbọn àti ẹrẹ̀ fún wa. Kò sẹ́ni tó sọ pé àwọn kan wà lórílẹ̀-èdè kan náà tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń wo ikùn.

Kí ọkàn ọ̀rẹ́ mi lè balẹ̀, mo wá ti Kristẹni fún un. Evagrius ni orúkọ rẹ̀, ó gbé nínú aginjù Íjíbítì láàárín àwọn tó fi ayé sílẹ̀ láti máa gbàdúrà, ó sì kú ní 399. Ó to èrò burúkú mẹ́jọ lẹ́sẹẹsẹ, ìbínú wà níbẹ̀, ìbànújẹ́ wà níbẹ̀. Ohun tó wù mí lára rẹ̀ ni pé ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn ẹ̀mí èṣù tó ń bá a jà máa ṣọ́ àwọn èrò náà: ìgbà wo ni wọ́n ń le, ìgbà wo ni wọ́n ń rọ̀, èwo ló ń tẹ̀lé èwo. Èwo ló ń tẹ̀lé èwo! Mo rántí ìtìjú tó gbé ẹrù tẹ̀lé ìbínú mi. Ọ̀kan wà lára mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yẹn tó máa ń dé lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn á dà bí ẹni pé kò rìn mọ́, tí ọkùnrin Ọlọ́run náà á máa yọjú lójú fèrèsé bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá kí i. Gbogbo wa tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì la mọ ẹ̀mí èṣù yẹn. Aago méjì ọ̀sán ló ń dé sí tiwa.

Ní 2007, Matthew Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní Los Angeles gbé àwọn èèyàn sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iṣẹ́ ọpọlọ, wọ́n ń fi àwòrán ojú ẹni tó ń bínú tàbí tí ẹ̀rù ń bà hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó ń ṣe olójú náà mu, apá kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala, tó máa ń ta gìrì bí ewu bá yọ, kò ta gìrì tó ìgbà tí wọ́n kàn ní kí wọ́n yan orúkọ ọkùnrin tàbí ti obìnrin fún un. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wúwo jù bó ṣe yẹ lọ. Kò sẹ́ni tó wọ ẹ̀rọ tó sì ní "ẹ kú ìbínú." Ó kàn dùn mọ́ mi nínú bí nǹkan tí Ìyá Àgbà ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ṣe gba ẹ̀rí lókèèrè.

Ó yẹ kí n sọ ibi tó ti já mi kulẹ̀. Láàárín oṣù kejì, mo ti sọ ìkíni náà di ohun ìlénijáde. Ìbínú bá yọjú, mo ní "ẹ kú ìbínú" kíákíá, mo ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ti ń lọ, bí a ṣe ń kí ẹbí tó wá yá owó. Kò lọ. Ó jókòó, ó sì pe àwọn ìyókù. Ara obìnrin tó gbé àpótí onípáànù yẹn ìbá ti sọ fún un ká ní Ìyá Àgbà ń kí i kó lè tètè kọjá ni. Ọjọ́ mìíràn wà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ ariwo ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí èéfín rẹ̀ á wọ fàráńdà, mi ò sì ní ìkíni kankan fún jẹnẹrétọ̀. Mo jágbe mọ́ ọmọ mi obìnrin ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nítorí ìrẹsì tó jóná. Mo rí igbe náà bó ṣe ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn, mo rí i kedere bí ọkọ̀ ní títì, ó sì jáde síbẹ̀síbẹ̀. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ kí ìrẹsì tó tutù. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń di ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo bá ti fìyà jẹ ara mi tó.

Àwọn ìbànújẹ́ kan tún wà tí kò yẹ kí ènìyàn nìkan jókòó tì. Nígbà tí màmá mi kú, mo gbìyànjú rẹ̀ ní fàráńdà, kò ju ọjọ́ méjì lọ tí mo fi mọ̀ pé ibi tí mò ń wò ti jìn jù, mo sì lọ ń sùn lọ́dọ̀ àǹtí mi. Ìyá Àgbà náà fi omi àmù àti ara rẹ̀ ti obìnrin tí wọ́n lé yẹn. Obìnrin yẹn kò nìkan sunkún.

Ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn èèyàn ń wá yẹn ńkọ́? Mo ti rí i. Ó dé láàárọ̀ kan tí mi ò retí rẹ̀. Mo ti kí ìbínú, mo ti kí ẹ̀rù owó ilé ẹ̀kọ́, mo ti kí orúnkún tó ń ro mí, kò wá sí ẹni tó ń kọjá mọ́. Ọ̀nà dá. Mò ń gbọ́ ìgbálẹ̀ nínú ọgbà kan lókèèrè, mo gbọ́ ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí, mo gbọ́ ọmọ tó ń polówó búrẹ́dì gbígbóná. Inú mi tòrò bí omi àmù. Kò dùn mọ́ni bí mo ṣe rò, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ kankan, ó dà bí ìgbà tí a bá wọ ilé tí fíríìjì ti ń kùn láti àárọ̀, tí wọ́n wá mú iná lọ. Ni mo bá ní nínú ara mi, "Ó ti dé! Kí n kọ ọ́ sílẹ̀!" Ló bá lọ. Mo kí akọ̀ǹtáǹtì náà kú iṣẹ́.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, káàdì mi tó kẹ́yìn ka 138 lórí 86. Oògùn ń ṣiṣẹ́, mo sì ti dín iyọ̀ kù, nítorí náà mi ò lè sọ pé èwo ni ti fàráńdà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì mìíràn ló kọ ọ́.

Mo ti béèrè owó mi lọ́wọ́ àbúrò mi, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ àti déètì. Ó ti san 90,000. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà, fóònù dún, orúkọ rẹ̀ ló yọ. Mo mọ̀ pé bó bá pè láàárọ̀ Sátidé, nǹkan ló fẹ́. Ooru gbéra lẹ́yìn ọrùn mi. Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, ẹ kú ìbínú o, ẹ jókòó. Mo gbé fóònù.

"Àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Etí mi gbóná. Mo ń gbọ́ ariwo ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń ná nǹkan.

"O kú ọjọ́ mẹ́ta," mo ní. "O kú ọjà. Àwọn ọmọ ńkọ́?"